Ọkùnrin Tí Kò Ní "Rárá" Lẹ́nu

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tó ti wọ̀ mí lọ́kàn jókòó, kò sì ní dìde níbẹ̀ títí wọn ó fi gbé mi sin. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi jókòó, kó mú bíírò, kó máa kọ bí mo ṣe ń sọ, nítorí èmi ò kàwé. Iṣẹ́ irun dídì ni mo ṣe jẹun. Orí ènìyàn ni síléètì tèmi, òoyà ni gègé. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ ní wíwọ́, kó kọ ọ́ ní wíwọ́.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí a gba òmìnira. Òkè-Àdó là ń gbé. Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ń tẹ́ ẹní sí, tí mo ń dirun. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún láìtíì lọ́kọ, ó sì ń dun àwọn ará àdúgbò bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń bọ́ mi. Bí mo bá kí wọn pé "ẹ káàárọ̀", wọ́n á dáhùn pé "ọkọ rere o". Ó máa ń rẹ èèyàn.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Láyí dé. Takisí ló ń wà, gáréèjì Mọ́kọ́lá ló ti ń kérò. Ó ga, ó dúdú, eyín rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó gbé oníbàárà mi kan wá síwájú ilé wa, obìnrin náà sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun títí òun á fi dirun tán. Ó dúró. Kọ̀lẹ́sẹ̀ ni mo di fún obìnrin yẹn, wákàtí méjì gbáko. Láyí jókòó sórí pákó bàbá mi, ó ń bá mi tàkúrọ̀sọ. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bàjẹ́ báyìí?

"Èmi o, mi ò lè wojú ènìyàn kí n sọ pé rárá," ló wí. "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ikú bá kanlẹ̀kùn, tó bá ti fohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ mí, màá wọ bàtà tẹ̀lé e."

Mo rẹ́rìn-ín títí òoyà fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin jókòó, ó fẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ tó máa ṣẹ̀ mí sí mi létí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wọ̀ mí létí ni pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́, màá rí i gbà lọ́wọ́ ẹni báyìí. Mo rò pé èmi nìkan ni màá máa bẹ̀ ẹ́. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé gbogbo Ìbàdàn ló lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àgbò fún yín. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó gbé mi lọ sí Dùgbẹ̀, kí n lọ ra òwú tí mo fi ń dirun. Láti Òkè-Àdó sí Dùgbẹ̀, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín, àgbàdo sísun ọwọ́ rẹ̀ ò ní tíì tutù tán. Mo wé gèlè aláwọ̀ ewé, mo jókòó síwájú, mo na ọrùn sókè kí àdúgbò lè rí mi. A ò tíì kúrò ní òpópónà wa tí ìyá kan fi ní kó jọ̀ọ́, kó gbé òun dé Mọ́kọ́lá. "Kò burú, mà." A kọjá Dùgbẹ̀ níṣojú mi. Ní Mọ́kọ́lá, ọkùnrin Haúsá kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé àgbò méjì dé Sábó. Ọ̀kan wọ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ò gba èkejì, ni wọ́n bá gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Àgbò náà wo gèlè mi, ó rí àwọ̀ ewé, ó sì jẹ etí rẹ̀ kan. Mi ò bá ẹran wí. Nígbà tí a máa fi padà dé Dùgbẹ̀, àwọn olówùú ti palẹ̀ mọ́. Mo wọlé láìsí òwú, etí gèlè kan ti lọ, mo sì ń rùn gbùù.

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa, fi imú fà á láti inú yàrá.

"Ìwọ, ọkọ lo lọ bá jáde ni, àbí ẹran iléyá lo lọ rà?"

"Ìyá Àgbà, ó láàánú ni o."

"Àánú ta ni? Ṣé ó kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Mo bọ́ gèlè lórí, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ti bàtà ló tẹ̀lé e. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Àjíǹde kò, ó ra bàtà pupa kan fún mi, onígìgísẹ̀. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó padà dé, tó ń fọwọ́ họrí.

"Ìyàwó mi, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ló ń lọ síbi ìkómọ. Ó rí bàtà yẹn lọ́jọ́ tí mo rà á, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun yá a."

"Ẹ sì gbà?"

"Ó bẹ̀ mí ni."

Mo gbé bàtà fún un. Ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó. Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ gbà á padà. Nígbà tó fi máa dá a padà, bàtà ti fẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ni o. Mo ká ìwé ìròyìn, mo kì í bọ ẹnu rẹ̀, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a ń tò lọ síwájú láti fi ọrẹ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi lọ, bàtà ò lọ. Mo ti dé ibi àwo ọrẹ kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀. Bàbá sáìdímáànù kan tó ń ṣọ́ àwo ọrẹ ló gbé e tọ̀ mí wá, ó fi ìka méjì dì í mú bí ẹni mú òkú eku, ìwé ìròyìn ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi wojú àjà títí ìsìn fi parí.

Ẹ máa rò pé ojú mi á là. Kò là. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọ̀rọ̀ di pé kí Láyí kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá mọ bàbá mi. Nílé tiwa, a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Wọ́n á rán àgbàlagbà kan lọ sílùú ọkùnrin náà. Yóò lọ bí ẹni tó wá ra epo, yóò jókòó ti àwọn ìyá arúgbó ibẹ̀, yóò máa fọgbọ́n bi wọ́n: ṣé àrùn kan ò sí nílé yẹn? Ṣé wọn kì í jà? Ṣé ọmọ yẹn ò ti ní obìnrin kan níbòmíràn? Iṣẹ́ Ìyá Àgbà nìyẹn. Wọ́n ti wádìí ọkọ mẹ́fà nínú ẹbí wa, wọ́n sì ti dá méjì padà lójú ọ̀nà. Wọ́n ti di àpò wọn. Èmi ni mo lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Ìyá Àgbà, ẹ má lọ dójú tì mí. Ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù ara rẹ̀ fún mi, kí la tún fẹ́ lọ wádìí?"

Wọ́n ní kí n pè é wá. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Láyí, mo fẹ́ lọ sílùú yín, lọ bi àwọn èèyàn yín léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé kí n lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ lọ."

"Àbí kí n má wulẹ̀ lọ mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má wulẹ̀ lọ."

"Àbí kí n dé ìdajì ọ̀nà, kí n padà?"

"Ìyẹn náà dáa, mà."

Ìyá Àgbà kọjú sí mi. "Ọkùnrin yìí ò ní 'rárá' lẹ́nu. Ẹni tí kò bá lè sọ pé rárá, kí ni 'bẹ́ẹ̀ ni' rẹ̀ jámọ́?"

Mo sunkún fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n tú àpò wọn. Bàbá mi dá ọjọ́: Sátidé, aago méjì ọ̀sán. Wọ́n kan bẹ́ǹṣì mẹ́ta fún àwọn àlejò, pákó ìrókò, wọ́n fá a títí ó fi ń dán, wọ́n kùn ún ní fáníṣì. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń sọ fún, àwọn tí kì í fi ẹnu ṣeré: "Àlejò ọmọ mi ló fẹ́ jókòó síbẹ̀."

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ń wí. Fáníṣì ò tíì gbẹ tán. Láàárọ̀ ni ọmọbìnrin kan dé láti Mọ́kọ́lá, ó ń jẹ́ Rónkẹ́. Ẹnìkan ló júwe mi fún un. Ó ní sùkú lòun fẹ́, kó ga. Ó jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lórí ẹní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á lórí. Ẹni tó bá ń dirun kì í wá ọ̀rọ̀ kiri, ọ̀rọ̀ á bá a lórí ẹní.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó rẹwà o. Àwọn ará ilé ọkọ mi ló ń bọ̀ lọ́la, láago mẹ́wàá."

"Ẹ kú oríire. Tèmi náà ń bọ̀ lọ́la, láago méjì."

"Ẹ ò rí i! Orí wa bára mu."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé iṣẹ́ wo lọkọ ń ṣe.

"Takisí ló ń wà. Onínúure ni, Àǹtí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ojú mi báyìí ló ti sọ fún mi pé òun ò lè wojú ènìyàn kí òun sọ pé rárá."

Ọwọ́ mi dúró.

"Ó ní ìyá òun máa ń sọ pé bí ikú bá kanlẹ̀kùn..."

"... tó bá ti fohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́, á wọ bàtà tẹ̀lé e," mo parí ẹ̀ fún un.

Rónkẹ́ yí orí padà pẹ̀lú òoyà nínú irun. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà sórí ẹní ni mo ń wò. Ẹsẹ̀ náà gùn, ó fẹ̀, ìka ńlá rẹ̀ jókòó bí olóyè. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Mi ò rí i rí, àmọ́ mo ti fi ìwé ìròyìn dí àyè tó fi sílẹ̀.

"Rónkẹ́, ṣé ẹnìkan yá ọ ní bàtà pupa ṣáájú ọdún Àjíǹde?"

"Òun náà ni! Ó tún wá gbà á padà. Ó ní ẹnìkan bẹ òun."

Ẹnìkan yẹn ni èmi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ bú mi, ó ní ìlara ló ń ṣe mí. Ìgbà tí mo gbé bàtà jáde ló dákẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló bẹ Láyí pé kó fẹ́ òun. Mo fẹ́ sọ pé tèmi yàtọ̀, pé èmi ni ó wá bá. Mo wá rántí pé kò bẹ̀ mí rí. Èmi ni mo bi í lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ pé, "Ṣé ẹ máa wá rí bàbá mi?" Ó ní, "Màá wá." Gbogbo ìfẹ́ tó bá mi fẹ́ nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ méjì péré.

Ìdajì orí Rónkẹ́ ti ga, ìdajì kejì ṣì dúró wúruwùru bí igbó. Ó ń sunkún, ó ní, "Àǹtí, ẹ kúkú parí ẹ. Mi ò lè fi orí báyìí lọ jà." Òótọ́ ló sọ. Mo jókòó, mo di irun ẹni tí a jọ fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo, mo sì dì í dáadáa. Mo fà á le díẹ̀ níwájú orí, mi ò ní parọ́.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe Láyí mọ́. Bàbá mi ni. Bí wọ́n bá jókòó lọ́la tí ẹnikẹ́ni ò wá, àdúgbò ò ní sọ pé ọkùnrin ló burú. Wọ́n á ní ọmọ káfíńtà ló ní nǹkan lára tí wọ́n rí tí wọ́n fi sá. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta á wà níta, á máa jẹ́rìí. Mo mọ̀ pé bí Láyí ò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá mi pé ẹ̀bi òun ni, mo gbé.

A bá a ní gáréèjì, ó ń nu gíláàsì ọkọ̀. Ó rí àwa méjèèjì tí à ń bọ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn á sá. Láyí rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ o."

"Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ nílé wa lọ́la?" Rónkẹ́ bi í.

"Mò ń bọ̀."

"Ilé tiwa ńkọ́?" èmi náà bi í.

"Mò ń bọ̀ o, ìyàwó mi."

"Àwa méjèèjì lẹ wá fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run. "Bí ẹ bá ti fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Awakọ̀ àgbà kan tó ń jẹ ẹ̀pà nítòsí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. "Ẹ̀yin méjì péré lẹ wá? Ti Bódìjà ńkọ́?"

Rónkẹ́ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàtà yẹn ì bá pa èèyàn. Ibẹ̀ ni làákàyè tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo mú ohùn mi rọ̀ bí ikú tí ìyá rẹ̀ ń wí.

"Bọ̀dá Láyí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ máa bá mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi nísinsìnyí, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé ẹ ò wá mọ́, pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, èmi kọ́?"

"Màá bá ọ lọ," ló wí. Ó ti ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹ má rò pé a lọ tààrà. Ẹni mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Nígbà tí a fi dé Òkè-Àdó, ọkọ̀ ti kún. Èmi àti Rónkẹ́ há síwájú, agbọ̀n adìyẹ wà láàárín wa, àwọn èrò ẹ̀yìn sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ò sọ̀ kalẹ̀ àfi bó bá parí. Bàbá mi ń fọwọ́ kan fáníṣì bóyá ó ti gbẹ. Láyí dọ̀bálẹ̀ sínú èérún pákó.

"Bàbá, ẹ dákun. Mi ò ní lè wá lọ́la. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹlòmíràn. Èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Gbogbo àdúgbò ti yọjú, wọ́n gbọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n wo ọmọkùnrin tó nà sílẹ̀, wọ́n wo bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Tún un rò."

"Mo ti tún un rò, sà," Láyí wí lójú ẹsẹ̀. "Mò ń bọ̀ lọ́la."

Mo figbe ta. "Bàbá, ẹ má bẹ̀ ẹ́! Nítorí Ọlọ́run, ẹ má bẹ̀ ẹ́!"

Rónkẹ́ ń pariwo nínú ọkọ̀, adìyẹ ń pariwo, àwọn èrò ń dá wa lẹ́jọ́. Bàbá mi ń wò mí bí ẹni tí nǹkan kọlù. Ìyá Àgbà ló dìde lórí àpótí wọn. Wọ́n rọra rìn wá, wọ́n dúró lórí Láyí.

"Láyí, ọmọ dáadáa. Ṣé kó o máa lọ, kó o má sì padà wá síbí mọ́ láéláé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó yá. Máa lọ báyìí, kí ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀."

Ó dìde, ó gbọn èérún pákó kúrò láyà, ó kí gbogbo wa pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ó gbé Rónkẹ́ délé tirẹ̀ kó lè tún tọrọ àforíjì níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ìyá Rónkẹ́ ò bẹ̀ ẹ́ rárá, omi ọṣẹ ló dà lé e lórí.

Bàbá mi ò bá mi wí. Wọ́n tún fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "Ìrókò ni. Kò ní jẹrà. Ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀."

Lọ́dún kejì, bàbá àgbà ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí ló wá jókòó síbẹ̀. Mo ti gbọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ni àbùkù tiwọn. Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Èmi kì í sọ̀rọ̀." Mo dúró kí wọ́n sọ èyí tó kù, wọn ò sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo bá Ìyá Àgbà di àpò wọn. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ. Àwọn ará ilé kejì tiẹ̀ rò pé odi ni." Mo rò ó fún oṣù mẹ́ta kí n tó gbà. A lo ayé wa pọ̀ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń rẹ̀ mí nígbà mìíràn, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi là kí n tó wọ̀ ọ́.

Láyí náà ò tàn mí jẹ, ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló sọ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, bí ẹnìkan bá ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má bá a rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó gbọ́ ohun tó wí. Ẹ má sì ṣe bíi tèmi tó rò pé ẹni tó bá ti sọ àbùkù rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àbùkù náà.

Ọmọ yìí ti gbé bíírò sílẹ̀. Ó ń bi mí pé, "Ìyá Àgbà, ṣé kí n ka gbogbo rẹ̀ sí yín létí látòkè?"

Mo ní rárá. Ẹ ò rí i bó ṣe rọrùn tó? Ẹ̀rín ń pa mí, ó sì rẹ̀ mí.